Àmì Ìràwọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Oògùn, Òkìkí àti Àkọsílẹ̀ Home Run ní Amẹ́ríkà

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ eré ìdárayá kan wò tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ dáadáa, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ìbéèrè kan wà nínú ìtàn eré náà tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ ìtàn sílẹ̀: bí ènìyàn bá ti ara oògùn ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, kí ni kí akọ̀wé kọ sínú ìwé?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò wò ó rí. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré kan, ẹnì kejì yóò sì fi igi gbá a. Bí ó bá gbá a tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù náà fi fò kọjá ògiri pápá, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́. Yóò rọra sáré yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, yóò sì dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní home run. Kò sí iyàn nínú kíkà rẹ̀: bọ́ọ̀lù kọjá odi tàbí kò kọjá. Nítorí náà ni ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ràn eré yìí fi ń mọ iye home run àwọn akọni rẹ̀ sórí, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa ṣe ń mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀.

Babe Ruth ni ó kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di ohun àpọ́nlé. Ní ọdún 1927, ó gbá home run 60 ní sáà kan ṣoṣo. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1935, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 714. Fún ọdún 34 gbáko, kò sí ẹni tí ó kọjá 60 náà. Ní ọdún 1961 ni Roger Maris gbá 61. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa sáà gùn ní ọdún náà, láti ìdíje 154 sí 162. Ford Frick, kọmíṣọ́nnà eré náà, ẹni tí ó ti máa ń bá Ruth kọ̀wé ní orúkọ Ruth nígbà kan rí, pàṣẹ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá borí Ruth láàárín ìdíje 154, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé wọ́n fi àmì ìràwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Maris.

Ibi tí ó wú mi lórí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè nìyí. Frick kò fi àmì ìràwọ̀ kankan sí ibì kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni àmì náà, síbẹ̀ ó lágbára ju ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé lọ. Maris kú ní ọdún 1985. Ọdún 1991 ni ìgbìmọ̀ kan tó pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, tí wọ́n sì fi 61 rẹ̀ sí ipò kìn-ín-ní láìsí àfikún ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Maris, Hank Aaron ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama ni, aláwọ̀ dúdú, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú kí ó tó wọ líìgì ńlá. Nígbà tí sáà ọdún 1973 parí, ó ti ní 713. Ẹyọ kan péré ni ó kù kí ó bá Ruth dọ́gba, ó sì di dandan kí ó dúró títí òtútù fi kọjá. Ní gbogbo àkókò náà, lẹ́tà èébú àti ìhalẹ̀ ikú ń rọ́ wọlé tọ̀ ọ́, nítorí pé àwọn kan kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú gba ipò Ruth. Ọlọ́pàá ni ń ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1974, ní ìlú Atlanta, ó gbá ìkarùn-ún-dín-lógún lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, èyíinì ni 715. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1976, iye rẹ̀ ti di 755. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa oògùn tí ó ba àkọsílẹ̀ jẹ́, ohun tí ọkùnrin yìí fi ara rẹ̀ san ni ó wà lórí òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 1994, àwọn agbábọ́ọ̀lù yan iṣẹ́ lódì, wọ́n sì fagi lé àṣekágbá ìdíje ọdún náà. Inú bí àwọn olólùfẹ́ eré. Ọdún 1998 ni ó mú wọn padà, nígbà tí Mark McGwire àti Sammy Sosa ń dije láti borí Maris. McGwire parí sí 70, Sosa parí sí 66. Ẹ wo ìṣirò yìí: láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà títí di ọdún 1997, ènìyàn méjì péré, Ruth àti Maris, ni ó dé 60 nínú líìgì ńlá. Láàárín ọdún 1998 sí 2001, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dé ibẹ̀, ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta péré sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó fura. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1998, akọ̀ròyìn kan rí ìgò androstenedione nínú àpótí McGwire. Ara máa ń sọ èròjà yìí di họ́mónù ọkùnrin. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ti fòfin dè é, ṣùgbọ́n bésíbọ́ọ̀lù kò tíì dè é. Akọ̀ròyìn náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí. Ní ti sítẹ́rọ́ìdì, kọmíṣọ́nnà ti kọ ìwé ní ọdún 1991 pé èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ ara ẹnikẹ́ni wò títí di ọdún 2003. Òfin tí kò ní olùṣọ́ kò yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo. Gbogbo pápá kún, owó ń wọlé, àwọn olówó ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Barry Bonds ni ẹ̀ka tí ó gùn jù nínú ìtàn yìí. Akọni ni kí ọ̀rọ̀ oògùn tó dé rárá: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ láàárín ọdún 1990 sí 1993. Kò gbá ju 49 lọ ní sáà kan rí kí ó tó gbá 73 ní ọdún 2001, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 37. Ní ọdún 2003, àwọn agbófinró ya wọ ilé iṣẹ́ kan tí à ń pè ní BALCO ní àgbègbè San Francisco. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín sítẹ́rọ́ìdì kan tí wọ́n dìídì ṣe kí àyẹ̀wò má baà rí i, pẹ̀lú ìpara kan tí a ń fi pa ara. Bonds sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ lo sítẹ́rọ́ìdì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2007, ó gbá 756, ó sì borí Aaron. Aaron kò sí ní pápá náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi fídíò hàn níbi tí ó ti kí i kú oríire. Bonds parí sí 762. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó dí ìdájọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdálẹ́bi náà. Líìgì kò fìyà jẹ ẹ́ rí nítorí sítẹ́rọ́ìdì.

Ní ti McGwire, ó jẹ́wọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 pé òun lo sítẹ́rọ́ìdì, àní ní ọdún 1998 pàápàá. Olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè béèrè pé, kí ni ó burú nínú oògùn? Nínú èdè wa, oògùn kan náà ni orúkọ ohun tí ń wo àìsàn, ohun tí ń pani, àti ohun tí oníjàkadì inú ìtàn ń sín ní gbẹ́rẹ́ kí ó tó wọ agbo. Kò sí ẹni tí ń bú oníjàkadì náà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà. Oníjàkadì mọ̀ pé ẹni tí ó dojú kọ òun náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Àkọsílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ìdíje pẹ̀lú òkú àti pẹ̀lú arúgbó ni, àwọn tí kò lè wọ agbo mọ́ láti gbèjà ara wọn. Ẹni tí ó bá fi oògùn borí wọn ti jà lẹ́yìn wọn.

Síbẹ̀, èmi kò bá àwọn tí ó fẹ́ pa orúkọ rẹ́ lọ. Bí a bá ní kí a fọ ìwé náà mọ́, níbo ni a ó dúró sí? Ruth kò dojú kọ ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú kankan nínú líìgì rẹ̀, nítorí pé ìlẹ̀kùn náà kò ṣí sílẹ̀ títí Jackie Robinson fi wọlé ní ọdún 1947. Aaron fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun gbé oògùn amóríyá kan mì lẹ́ẹ̀kan, kò sì bá òun lára mu. Kò sí nọ́ńbà tí kò ní ìtàn lẹ́yìn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù 756 náà jọ mí lójú. Oníṣòwò aṣọ kan, Marc Ecko, rà á ní dọ́là 752,467, ó sì ní kí àwọn ènìyàn dìbò lórí ohun tí òun yóò fi í ṣe. Wọ́n dìbò pé kí ó fi àmì ìràwọ̀ sí i lára, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí ní Cooperstown. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe, ó sì débẹ̀ ní ọdún 2008. Àmì tí Frick kò fi sínú ìwé rí ti wá wà lára awọ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù wọlé, ẹni tí ó gbá a kò wọlé: ní ọdún 2022, tí í ṣe ọdún kẹwàá àti ìkẹyìn tí àwọn akọ̀ròyìn lè dìbò fún un, Bonds rí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìdá 75 ni wọ́n ń béèrè.

Ní ọdún 2022 yìí kan náà, Aaron Judge gbá 62, ọmọ Maris sì sọ pé lójú tòun, èyí ni àkọsílẹ̀ tòótọ́. Ìwé ṣì ń sọ pé 73 ni. Èrò tèmi ni pé kí ìwé máa wí tirẹ̀, kí àwa náà má sì dákẹ́ ìtàn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti kọ iye. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti sọ ẹni tí ó gbá a, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì pa ẹnu mọ́, àti ẹni tí ó ń ka lẹ́tà ikú lálẹ́ kí ó tó lọ gbá tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì.