Ìgbín Inú Ọgbà Johannesburg

Cornu aspersum, ìgbín kékeré aláwọ̀ búráùn tó ń jẹ ewé nínú ọgbà òdòdó àti ọgbà ẹ̀fọ́ ní Johannesburg, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Etí Òkun Mẹditaréníà àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni orísun rẹ̀. Ìkarahun rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ hunjọ, kì í sì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ.

Ó jìnnà sí ìgbín tí Yorùbá ń fi se ọbẹ̀. Ẹbí Helicidae ni tirẹ̀; Archachatina marginata ti ilẹ̀ Yorùbá, tí ìkarahun rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, wà nínú ẹbí Achatinidae. Ẹbí yìí náà ní ọmọ onílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà: Metachatina kraussi wà láti KwaZulu-Natal dé gúúsù Mòsámbíìkì, àwọn Cochlitoma sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń ka Cochlitoma mọ́ Archachatina, kí àyẹ̀wò ẹ̀yà inú ara wọn tó fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Orúkọ ìgbín inú ọgbà yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. O. F. Müller, ọmọ Dẹ́ńmáàkì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1774, tó pè é ní Helix aspersa. Ní 1778, Ignaz von Born, tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ìkarahun tó wà ní àkójọ ọba ní Vienna, kan ọ̀kan tó nà jáde bí ìwo, tí kò ká jọ. Ó kà á sí ẹ̀dá ọ̀tọ̀, ó sọ ọ́ ní Cornu copiae. Ìgbín Müller kan náà ni. Àbùkù ló bá a. Nígbà tí wọ́n wá yọ ọ́ kúrò lára Helix, àwọn kan fara mọ́ Cantareus, àwọn mìíràn Cryptomphalus, nítorí wọ́n ní orúkọ tí a gbé ka orí abàbùkù kò yẹ kó dúró. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí orúkọ ẹranko dá Cornu láre, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: òun ló ṣáájú.

Ènìyàn ló gbé e káàkiri. Àwọn ará Faransé ń jẹ ẹ́, jíjẹ náà ló sì gbé e dé California láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó ti wà ní Australia, New Zealand, Àjẹntínà àti Ṣílè. Ní agbègbè Cape, ó di ọ̀tá àwọn olóko àjàrà, débi pé àwọn kan ń da pẹ́pẹ́yẹ sínú oko kí wọ́n lè ṣà á jẹ. Dai Herbert, onímọ̀ nípa ìgbín, kà á mọ́ àwọn ẹ̀yà àjèjì 34 inú ìwé rẹ̀ ti 2010 lórí àwọn ìgbín àti irú wọn tó wọ Gúúsù Áfíríkà láti ìta.

Johannesburg fi nǹkan bíi mítà 1,700 ga ju òkun lọ, òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀ láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ. Lásìkò yẹn, ìgbín náà á lẹ̀ mọ́ ògiri tàbí abẹ́ ìkòkò òdòdó, á fi ikun ara rẹ̀ tó ti gbẹ dí ẹnu ìkarahun. Omi tí àwọn onílé ń bu wọ́n ọgbà ló ń gbà á; nínú pápá tí ẹnì kankan kì í bomi rin, agbára káká la fi lè rí i. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, àwọn ìgbín náà á gun ara wọn. Akọ àti abo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà àwọn méjèèjì ló lè gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì yé nǹkan bí ẹyin funfun 80 sínú rẹ̀.