Àwòrán ẹyẹ aláfọwọ́kùn

Bí a bá pe àwòrán ẹyẹ kan ní aláfọwọ́kùn, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ẹnì kan ló fi búrọ́ọ̀ṣì yà á láti orí dé ìrù. Rárá o. Àwọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò kan ilà. Ẹ wo ìwé The Birds of America tí John James Audubon gbé jáde láàárín 1827 sí 1838. Audubon ló ya àwọn ẹyẹ, ṣùgbọ́n Robert Havell ní Lọ́ńdọ̀nù ló fín púpọ̀ jù lọ nínú wọn sára bàbà, tó fi yíǹkì tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dárúkọ, wá ń fi ọ̀dà olómi kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: àwòrán 435 fún odindi ẹ̀dà kan!

Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí ọwọ́ bá ti kàn, ojúlówó ni, kì í ṣe ẹ̀dà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí pupa ìyẹ́ kan lè ki ju ti èkejì lọ. Àmọ́ àpẹẹrẹ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ náà ń wò kùn ún. Ẹ̀dà ni, bó tilẹ̀ gba aápọn. Aápọn ọ̀hún kì í ṣe kékeré: nígbà tí àwọn tó ń kùn ún fún William Lizars ní Edinburgh, ẹni tó kọ́kọ́ ń fín àwòrán náà ṣáájú Havell, daṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ dúró. Ọ̀rọ̀ náà, aláfọwọ́kùn, kò sì sọ irú ìtẹ̀wé tó wà lábẹ́ ọ̀dà; ara òkúta ni wọ́n ti tẹ ẹ̀dà kékeré ìwé Audubon ti 1840 sí 1844, síbẹ̀ aláfọwọ́kùn lòun náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra àwòrán aláfọwọ́kùn, kó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ tóótòòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ló kùn ún.