Ẹni Tí Àyà Rẹ̀ Já

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ á rántí pé mo máa ń bi yín ní kíláàsì pé kí ló dé tí Yorùbá fi ń fi ẹ̀yà ara sọ ohun tó ń ṣe ọkàn. Àyà mi já. Orí mi wú. Inú mi bàjẹ́. Àwọn kan máa ń dáhùn pé àfiwé lásán ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló jẹ́ kí n tún un rò. Àwọn ajínigbé mú un lójú ọ̀nà, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú igbó. Nígbà tó dé, a mú un lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú kan tó ní kó máa sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Ó jókòó, kò fọhùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lóun ò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ wá ń sunkún pé ọmọ òun ò fẹ́ gbádùn.

Mo wá rántí Aro. Èébú lásán lorúkọ yẹn lẹ́nu wa báyìí: “Wọ́n á gbé ẹ lọ Aro o!” Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lantoro, l’Ábẹ́òkúta, di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí orí wọn dàrú lẹ́nu ogun Hítílà sí. Ẹni tí ìró ìbọn ò tíì kúrò létí rẹ̀, ẹ wá fi sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n! Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìtọ́jú.

Ní 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ nǹkan mìíràn ní Aro. Ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ò tíì parí. Kàkà kó jókòó de àwọn bíríkìlà, ó lọ bá àwọn ará abúlé tó wà láyìíká pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé, káwọn sì máa sanwó ilé fún wọn. Aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, tí á máa se oúnjẹ fún un, tí á máa fọṣọ rẹ̀, tí á sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn, àní wọ́n ń fi iná mànàmáná sí àwọn mìíràn lórí. N ò ní parọ́ fún yín pé ewé nìkan ni. Lọ́sàn-án, wọ́n á padà sábúlé, wọ́n á bá onílé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á jó níbi tí wọ́n bá ti ń jó. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, èyí tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ò fẹ́ràn rárá. Síbẹ̀, ní 1961, Abẹ́òkúta làwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti wá ṣèpàdé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ìwòsàn. Wò, kó sàn. A ò sọ pé “ìsọsàn”. Ẹni tó ń wò ọ́ wà lọ́dọ̀ rẹ, ojú rẹ̀ wà lára rẹ. Kì í ṣe pé àwọn baba wa ò ka ọ̀rọ̀ sí. Ta ló ní ọfọ̀? Ṣùgbọ́n oníṣègùn ló ń pe ọfọ̀, kì í ṣe aláìsàn. Ẹni tó wá dífá pàápàá, owó ló máa ń sọ ti inú rẹ̀ sí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo ò ní gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń fipá gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sọ́dọ̀ mi. Dókítà tó ń fún un lóògùn oorun ṣì ń rí i lóṣooṣù. Àárọ̀, a jọ ń lọ sóko. Ìrọ̀lẹ́, ó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù. N ò bi í ní nǹkan kan. Lóṣù tó kọjá, a jókòó ti ẹ̀gẹ́, à ń bó o, ló bá dédé sọ pé ẹni tó ń ṣọ́ àwọn nínú igbó, ọmọdé ni, kò tíì hu irùngbọ̀n. Mo ní, “Ẹn-ẹ́n?” Mo ń bó ẹ̀gẹ́ tèmi lọ, òun náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.