Ilé Ìjọsìn Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ìwé Ìtàn: Lílo Àwòrán Ṣọ́ọ̀ṣì àti Mọ́ṣáláṣí Láti Kọ́ Olùkọ́ Ọ̀la

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ tí à ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìdápadà rẹ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́. Àmọ́ àárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wá gba NCE lọ́dọ̀ wa lo ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí wọn kò kọ́ ni a fẹ́ kí wọ́n lọ fi kọ́ni. Nínú bébà yìí, èrò wa ni pé àwòrán ilé ìjọsìn àtijọ́ jẹ́ ohun èlò ìkọ́ni tó wà nítòsí tí kò sì wọ́n. Ilẹ̀ Yorùbá ni a ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ wa, a sì fi Ẹ̀nugù, ìlú tó gbà wá lálejò, ṣe ibi ìdánrawò.

Káúńtì Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn tiwa

Láàárín 1951 sí 1974, Nikolaus Pevsner, ẹni tí a bí ní Jámánì tó wá fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ilé, gbé ìwé 46 jáde lórí àwọn ilé ilẹ̀ náà, ní káúńtì dé káúńtì. Àìmọye ṣọ́ọ̀ṣì abúlé ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn káúńtì náà kò ṣàjèjì sí wa. Hampshire ni wọ́n ti bí Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Ọmọ Exeter ní Devon ni Henry Townsend tó dé Abẹ́òkúta ní 1843. Norfolk ni wọ́n ti bí Anna Hinderer tó bá ọkọ rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1853. Ní Canterbury, ní Kent, ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní 29 Oṣù Kẹfà 1864. Ẹni tó bá mú àwòrán Kàtídírà Canterbury lọ́wọ́, ojú-ewé kan nínú ìtàn Nàìjíríà ló mú dání.

Ìtàn náà kò sì dúró sí ilẹ̀ Yorùbá. Crowther, ọmọ Òṣogùn, ló ṣáájú ikọ̀ tó dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Oníṣà ní 1857. J. C. Taylor, tí wọ́n bí ní Sàró fún àwọn òbí Igbo, ni ó fi síbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Crowther tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà jáde ní èdè Igbo.

Ohun tí àwòrán ń fi hàn

Ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ní 1846, ṣùgbọ́n 1898 ni wọ́n parí ilé tí à ń rí lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi àwòrán rẹ̀ sí iwájú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọjọ́ orí ìjọ yàtọ̀ sí ọjọ́ orí ilé.

Ní Èkó, àwọn ọmọ wa tó ti Brazil dé ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ti Holy Cross láàárín 1878 sí 1881. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n kọ́ ilé mìíràn rọ́pò rẹ̀. Inú àwòrán nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn kù sí. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àwọn ọmọlé kan náà kọ́ mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Ṣítta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894. Bí a bá wá fi àwòrán mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin han kíláàsì láìsọ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí ojú ilé náà jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí lè kọ́ olùkọ́ pé ọwọ́ kan náà ló kọ́lé fún ẹ̀sìn méjèèjì.

Ohun tí àwòrán kì í sọ

Àwòrán kò ní ẹnu. Ẹni tó bá wo àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì kò lè rí ebi tó pa àwọn Hinderer nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà etíkun sì dí mọ́ wọn fún ọdún bí i márùn-ún. Kò sì lè rí àwọn tó po amọ̀ ilé náà. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni a dá lábàá fún àwòrán kọ̀ọ̀kan: Kí ni a rí? Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ? Ta ni kò sí nínú àwòrán tó yẹ kó wà níbẹ̀?

Ìdánrawò ní Ẹ̀nugù

Èédú tí wọ́n rí ní agbègbè Údì ní 1909 ló bí ìlú yìí. 1915 ni ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ ní Ogbete. Awakùsà, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti akọ̀wé láti ibi púpọ̀ ló wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n sì gbé ìjọ wọn dání. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ya òkúta ìpìlẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Coal Camp àti Asata ní fótò, kí ó ka ọdún àti orúkọ tó wà lára wọn, kí ó sì bi àwọn àgbà ìjọ léèrè èdè tí wọ́n fi ń jọ́sìn níbẹ̀rẹ̀. Awakùsà 21 ni ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley ní 18 Oṣù Kọkànlá 1949. Ǹjẹ́ orúkọ wọn wà nínú ìwé ìsìnkú ìjọ kankan? Akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó lọ wá a.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé sún síwájú. Láti 1956 ni òfin ti ka Ilé Ilojo, ilé àwọn Àgùdà ní Tinúubú, Èkó, sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 2016. Bí èyí tí òfin dáàbò bò bá lè wó, kí ni ti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí ìjọ fẹ́ wó kí wọ́n lè kọ́ ńlá?

A dábàá pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní àpótí àwòrán ilé ìjọsìn agbègbè rẹ̀. Kí ẹ̀ka Ìtàn àti àwọn ẹ̀ka èdè jọ kọ àlàyé sí abẹ́ àwòrán ní èdè ibẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni sì mú àwòrán mẹ́ta, ó kéré tán, bọ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn tó iṣẹ́ náà ṣe. Kò dìgbà tí ìjọba bá fún wa lówó kí á tó bẹ̀rẹ̀.