Kí A Tó Lọ Wo Pohang, Ẹ Jẹ́ Ká Dé Ìgànmú Ná

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kì í ṣe owó fóònù, kì í sì í ṣe owó aṣọ. Ó fẹ́ lọ sí Pohang, ìlú etíkun kan ní Gúúsù Kòríà, níbi tí wọ́n ti ya Hometown Cha-Cha-Cha ní 2021. Ẹ̀yin tí ẹ wo eré náà á rántí ọjà kékeré tí àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ọjà gidi ni. Cheongha ni wọ́n ń pè é. Ní Guryongpo, nínú Pohang yìí kan náà, ni wọ́n ti ya When the Camellia Blooms ní 2019. Títí dòní, àwọn tó fẹ́ràn eré wọ̀nyí ń ti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò níbẹ̀.

Èmi náà ń wo eré Kòríà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè pé, "Tí ará Kòríà kan bá wá bá wa ní Yábàá, tó ní ká mú òun lọ síbi tí sinimá Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, ibo la máa mú un lọ?" Ó wò mí, mo wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ibì kan nínú wa. Ojú tì mí. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi ìkàwé, òun náà ló sì gbé àwa mẹ́ta jáde ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Èbúté-Mẹ́ta la kọ́kọ́ dé. Ní 1944, ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé. Ìjọ aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ló ní kó bá àwọn ṣe eré tí àwọn máa fi wá owó ṣọ́ọ̀ṣì. Ìtàn Ọgbà Ídẹ́nì ló fi ṣe é, wọ́n sì lọ ṣe é ní Gbọ̀ngàn Glover ní Erékùṣù Èkó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú. Ọ̀nà tó là yìí ni Bàbá Sàlá àti Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, tọ̀. Nígbà tí Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí í ṣe fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, Ade Love ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Ní 1979, Ògúndé fúnra rẹ̀ gbé Ayé jáde. Orí ìtàgé ni sinimá wa ti wá, òṣèré tó ń rìn kiri ló sì bí i.

Láti ibẹ̀ a wọ mọ́tò lọ sí Sùúrùlérè. Àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé kọjá afárá wá sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Ẹni tó jìnnà sí ọjà rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní láti ní sùúrù lóòótọ́. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ní Mainland ni ilé sinimá ń pọ̀ sí i: Casino ní Yábàá, Super ní Sùúrùlérè, Rainbow ní Mùṣín. Fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń wò jù níbẹ̀, kí tiwa náà tó dé.

Nígbà tí tiwa dé, Ìgànmú ni ilé rẹ̀. Torí FESTAC 1977 ni ìjọba ológun ṣe kọ́ National Theatre, tó dà bíi fìlà ṣọ́jà. Ilé iṣẹ́ ará Bulgaria ló kọ́ ọ. Àwòrán gbọ̀ngàn kan ní Varna ni wọ́n sì wò kọ́ ọ, Varna náà sì jẹ́ ìlú etíkun. Gbọ̀ngàn ńlá inú rẹ̀ gba nǹkan bí 5,000 èèyàn. Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ìdílé máa ń wọ aṣọ ọdún lọ wo sinimá Yorùbá níbẹ̀. Láti 2024 ni wọ́n ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é.

Kí ló wá dé tí ilé sinimá wọ̀nyẹn fi kú? Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó rẹ̀ kúrò ní ohun tí apá òṣèré ká. Àwọn olè náà ò sì jẹ́ kí ẹni tó rí owó ṣe é jèrè: Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, wọ́n jí i kọ sórí fídíò, ọkùnrin náà sì wọ gbèsè. Ẹ̀rù ìrìn òru tún ń ba àwọn èèyàn. Bí sinimá ṣe kó wọ inú pálọ̀ nìyẹn. Kenneth Nnebue, tó ti bá àwọn òṣèré Yorùbá ṣe Àjẹ́ Ni Ìyá Mi sórí fídíò ní 1989, ló gbé Living in Bondage jáde ní 1992. Lẹ́yìn ìyẹn, Sùúrùlérè di ojúde àwọn òṣèré. Hotẹ́ẹ̀lì Winis ni wọ́n ti ń pàdé. Ilé onílé ni wọ́n ń háyà fi ya fíìmù. Tí wọ́n bá parí, onílé á tún ilé rẹ̀ kùn, ó tán.

Mùṣín la parí ìrìn wa sí. Ní Ìdí-Òro ni ilé Fẹlá wà, èyí tí àwọn ṣọ́jà dáná sun ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, 1977. Fẹlá ń ṣe fíìmù kan lọ́wọ́ nígbà náà nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, The Black President. Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún un bá iná náà lọ. Bí àwọn kan ṣe ń pàdánù fíìmù sọ́wọ́ olè, iná ìjọba ló jó ti ẹlòmíì.

A béèrè Rainbow lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó fi ìpọnkọ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ta ló sọ Rainbow fún yín? Ibẹ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ mú mi jáde lọ." Ó sọ fíìmù tí wọ́n wò fún wa, ó sọ aṣọ tó wọ̀, ó sọ iye tí ọkọ rẹ̀ fi ra gúgúrú. Ó pẹ́ ká tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a ń lọ, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé délé. Kì í ṣe pé Pohang ní ìtàn ju Mùṣín lọ. Àwọn tó ń béèrè ló ní. Ẹni tó wo sinimá ní Casino nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ti di àgbà báyìí. Tí wọ́n bá lọ tán, kò sí ògiri tó máa bá wa sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá relé ní ìsinmi, ẹ bi ìyá àti bàbá yín àgbà pé: ilé sinimá wo lẹ kọ́kọ́ wọ̀? Ta lẹ bá lọ? Kí lẹ wò? Ẹ gba ohùn wọn sínú fóònù, kí ẹ kọ ọdún sí i. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tiyín náà la ń retí.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń tọ́jú owó Pohang rẹ̀, mo sì ń bá a ṣàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n lóru Sátidé yẹn, màmá rẹ̀ ló pè. Mo gbọ́ tó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ dé Ìgànmú rí?" Aago méjì ààbọ̀ òru kí wọ́n tó pa fóònù.