Ẹ̀rù ló ń dá ìtàn sílẹ̀, àlejò ló ń jìyà rẹ̀

Admin yín náà ni. Ọ̀rọ̀ tòní, ariwo yẹn ni: "Ó ti gba nǹkan ọmọkùnrin mi lọ!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ariwo yìí ti pa èèyàn.

Lọ́dún 1975, ní Kàdúná, ọlọ́pàá kan mú ọkùnrin méjì wá bá Dókítà Ilechukwu. Ọ̀kan ní èkejì ti mú nǹkan òun pòórá, àdúgbò sì ti dàrú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà yẹn lọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìsàlẹ̀, ló bá kígbe, bí ẹni pé ìgbà náà ló padà dé. Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo bó ṣe ń pariwo, kò tíì wo ara rẹ̀.

Bí ẹ̀rù bá ba ọkùnrin lójijì, ibẹ̀ a máa súnkì fúngbà díẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ ìtàn tẹ́lẹ̀ á ní wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n á lu àlejò, tó bá wá rí i pé ó wà níbẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyà ló jẹ́ kó dá a padà." Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń rí ẹlẹ́rìí.

Lọ́dún 1990, nígbà tí Sáàpù ti fojú aráàlú rí màbo, ńṣe làwọn ọkùnrin ń di nǹkan wọn mú lójú títì Èkó, àwọn obìnrin ń ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ní January 1997, ó dé Accra, wọ́n sì lu èèyàn pa. Ní October 2023, ó dé Abuja, títí ọlọ́pàá fi kó àwọn tó ń pariwo irọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti Singapore, lọ́dún 1967. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fún lábẹ́rẹ́, nǹkan rẹ̀ á wọlé sínú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin sáré lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà làdí ọ̀rọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì rọlẹ̀. Ẹ̀rù kan náà ni. Ẹlẹ́dẹ̀ ni tiwọn dá lẹ́bi, ọjà ẹlẹ́dẹ̀ ló kù. Tiwa, èèyàn ló ń dá lẹ́bi: ẹni tó fara kàn wá, ẹni tí a ò mọ̀, ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀.

Ta wá ni ẹni yẹn ní Gadumo? Àwa náà kọ́ yìí? Àtàárọ̀ dalẹ́ là ń nawọ́ gba owó, tí a ń nawọ́ fún oníbàárà ní ṣéńjì.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pariwo, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ṣe é. Ẹ ní kó wo ara rẹ̀ ná. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n na ẹnikẹ́ni. Kí àwọn méjèèjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọsibítù. Ìtàn bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá rí lórí fóònù, ẹ má fi ránṣẹ́ síbí.

Ọjà á tà o.