Stephen Keshi

Stephen Okechukwu Keshi (ọjọ́ 23 oṣù Kínní ọdún 1962 – ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2016) jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Òun ni balógun ikọ̀ Super Eagles nígbà tí wọ́n gba Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1994, òun náà sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà tí wọ́n tún gbà á ní ọdún 2013. Ṣáájú rẹ̀, Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ni ó tíì gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. "Big Boss" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń pè é.

Ìgbà èwe

Ìlú Azare, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi lónìí, ni wọ́n ti bí Keshi, ṣùgbọ́n Illah ní Ìpínlẹ̀ Delta ni ìlú àwọn bàbá rẹ̀. Èkó ni ó ti kàwé. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama St. Finbarr's College ní Akọka, èyí tí Denis Slattery, àlùfáà Ìjọ Kátólíìkì láti ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà gbajúmọ̀ fún bọ́ọ̀lù gbígbá, kì í sì í ṣe Keshi nìkan ni ó ti ibẹ̀ dé ikọ̀ Nàìjíríà. Henry Nwosu náà jáde níbẹ̀.

Gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìfowópamọ́ méjì ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún: ACB ti Èkó àti New Nigeria Bank ti ìlú Benin. Ó wà nínú ikọ̀ tí Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ bíbí Mọdákẹ́kẹ́ ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, kó lọ sí ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1984. Wọ́n fi pẹ́náritì borí Íjíbítì ní ayò 8–7 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí Kamẹrúùnù tó fi ayò 3–1 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Orúkọ Onígbìndé yóò tún jẹ yọ nínú ìtàn Keshi lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún.

Ní ọdún 1985, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà fi òfin dè é lórí ọ̀rọ̀ ibùdó ìgbaradì. Keshi kò jókòó sílé. Ó gba Abidjan lọ, níbi tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports, láti ibẹ̀ ni ó sì ti bọ́ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀m. Ọ̀nà tó là yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dé Yúróòpù, ó sì ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ tó ṣe lórí pápá, ju ife èyíkéyìí lọ. Pẹ̀lú Anderlecht, tó wà lọ́dọ̀ wọn láti 1987 sí 1991, ó gba ife-ẹ̀yẹ Bẹ́ljíọ̀m ní 1988 àti 1989 àti líìgì ní 1991, ó sì gbá àṣekágbá ife àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn ní Yúróòpù ní 1990, tí Sampdoria ti na wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Strasbourg ní Faransé, Molenbeek ní Bẹ́ljíọ̀m, Amẹ́ríkà àti Màléṣíà.

Ní ọdún 1994, Nàìjíríà na Zambia ní ayò 2–1 ní àṣekágbá ní Tunis. Keshi ni balógun, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àti ìpalára ti ń dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n bá Gíríìsì gbá, ni ó kópa nínú rẹ̀ ní ìdíje Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún náà.

Gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá

Keshi jẹ́ igbákejì Shaibu Amodu nígbà tí Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní Mali ní ọdún 2002. Ipò kẹta kò tó lójú àwọn aláṣẹ. Wọ́n tú gbogbo ìgbìmọ̀ náà ká, Onígbìndé sì ni wọ́n pè láti kó ikọ̀ tí Amodu àti Keshi ti bá peregedé lọ sí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Japan àti South Korea.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Togo gbà á síṣẹ́. Orílẹ̀-èdè kékeré náà kò tíì dé Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé rí, Senegal tó ti wọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní 2002 sì wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Togo na Kóńgò ní ayò 3–2 ní Brazzaville, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Jámánì. Emmanuel Adebayor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, ni ó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìdíje ìperegedé náà ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Keshi ní Íjíbítì ní oṣù Kínní ọdún 2006, níbi tí Togo ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lé Keshi, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún Otto Pfister ọmọ Jámánì. Ẹni tó gbin iṣu kò jẹ níbẹ̀. Ní Jámánì, ìjà lórí owó àjẹmọ́nú gba Togo kan, Pfister fúnra rẹ̀ fi ibùdó sílẹ̀ kí ó tó padà, wọ́n sì tún pàdánù ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó padà sí Togo lẹ́yìn náà, ó sì tún kọ́ ikọ̀ Mali. Ní Angola ní ọdún 2010, Mali gba góòlù mẹ́rin padà lọ́wọ́ àwọn onílé, ayò 4–4, ṣùgbọ́n wọn kò kọjá ìpele ìsọ̀rí, èyí sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nàìjíríà fà á lé ipò ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, lẹ́yìn tí ikọ̀ tí Samson Siasia ń darí kùnà láti dé ìdíje 2012. Ní ìdíje 2013 ní South Africa, ó fi àwọn gbajúmọ̀ bíi Osaze Odemwingie sílé, ó sì mú àwọn mẹ́fà tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì Nàìjíríà, tí Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ wà lára wọn. Wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo sì pọ̀ nílé. Síbẹ̀ wọ́n na Côte d'Ivoire ti Didier Drogba ní 2–1 àti Mali ní 4–1. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, góòlù Sunday Mba, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà náà, ni wọ́n fi na Burkina Faso ní àṣekágbá.

Lọ́jọ́ kejì, Keshi kéde lórí rédíò ní South Africa pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó bí i nínú ni pé wọ́n ti fẹ́ lé e kí wọ́n tó bá Côte d'Ivoire gbá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó sì padà. Lẹ́yìn ife náà pàápàá, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan láìrí owó oṣù gbà. Ó ṣòro láti ronú pé àjọ kan náà yóò fojú bẹ́ẹ̀ wo akọ́nimọ̀ọ́gbá òyìnbó tó gba ife wálé.

Ní Bràsíl ní ọdún 2014, Nàìjíríà ta ọ̀mì pẹ̀lú Iran, wọ́n na Bosnia ní 1–0, Argentina sì nà wọ́n ní 3–2. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún tó kẹ́yìn kí Faransé tó lé wọn ní 2–0. Keshi ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kó ikọ̀ dé ìpele náà. Bora Milutinović ará Serbia, Bruno Metsu ará Faransé àti José Faria, ọmọ Bràsíl tó kọ́ Morocco ní 1986, wà lára àwọn àjèjì tó ti kó ikọ̀ Áfíríkà débẹ̀ ṣáájú.

Láàárín ọdún kan lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Nàìjíríà kò peregedé fún ìdíje 2015, wọ́n lé e, wọ́n gbà á padà, wọ́n sì lé e pátápátá ní oṣù Keje ọdún 2015.

Ikú rẹ̀

Kate, ìyàwó rẹ̀, ṣaláìsí ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 lẹ́yìn àìsàn jẹjẹrẹ. Keshi fúnra rẹ̀ kú ní ìlú Benin ní oṣù Kẹfà tó tẹ̀ lé e, ní ọmọ ọdún 54. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Shaibu Amodu, ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ ní 2002, náà kú ní ìlú kan náà. Wọ́n fi orúkọ Keshi sọ pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Asaba, níbi tí wọ́n ti ṣe ìdíje eré sísá ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2018.